Ọ̀sán Ni A Ti Ń Tọ́jú Yàrá Tí A Máa Sùn Sí Lálẹ́

Nígbà tí oṣù kejì bá parí tí oṣù kẹta sì wọlé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣòro láti mọ ilé tí ooru ti lé àwọn ará ibẹ̀ jáde. Ẹ ó rí ẹní tí wọ́n tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ó rí ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́, ẹ ó sì gbọ́ igbe ọmọ kékeré tí oorun ń kùn ṣùgbọ́n tí kò rí i sùn. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé ìta ti ń tutù ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ooru tí ó lé wọn jáde kì í ṣe ooru alẹ́. Ooru ọ̀sán ni, tí òrùlé àti ògiri ti gbà sára láti aago méjìlá, tí wọ́n sì wá ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú yàrá nígbà tí ó yẹ kí a ti sùn lọ. Ẹni tí ó bá dúró di alẹ́ kí ó tó wá ojútùú sí i ti pẹ́ jù, nítorí pé ẹrù tí oòrùn ti di sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà kò lè tú tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kí a tó fọwọ́ kan yàrá, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ara ń wá. Ìwọ̀n ooru inú ara ènìyàn jẹ́ nǹkan bí 37°C, ṣùgbọ́n kì í dúró sójú kan láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í dín ooru rẹ̀ kù, títí yóò fi lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí dígírì kan ní ìdájí, ní nǹkan bí aago mẹ́rin sí márùn-ún. Ìlọsílẹ̀ yìí àti oorun jọ ń rìn ni, oorun kò sì lè rọrùn bí ìlọsílẹ̀ náà kò bá ṣẹlẹ̀. Kí ooru inú lè jáde, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn wá sí abẹ́ awọ, ooru á sì bá ibẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́. Gbogbo ìyá tí ó ti gbé ọmọ sùn rí ló mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ: àtẹ́lẹwọ́ ọmọ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ojú rẹ̀ tó pa dé.

Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá wá gbóná tó awọ ara fúnra rẹ̀, ooru inú kò ní rí ibi tí yóò gbà. Òógùn nìkan ni ó kù fún ara láti fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, òógùn kì í sì í mú ara tutù nípa pé ó jáde. Ìgbà tí ó bá gbẹ kúrò lára ni ó ń gbé ooru lọ. Ní ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, òógùn kì í gbẹ, ṣe ni ó ń ṣàn sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ara á lẹ̀, a ó sì máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí alẹ́ kan ní oṣù karùn-ún fi lè ni ènìyàn lára ju alẹ́ kan ní oṣù kejì lọ bí tẹmómítà tilẹ̀ sọ ohun kan náà ní alẹ́ méjèèjì.

Ó tún ní ohun mìíràn tí ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn jí ní aago mẹ́ta òru láìmọ ohun tí ó jí i. Oorun pín sí oríṣiríṣi, ìpín tí a máa ń lá àlá jù nínú rẹ̀ sì máa ń gùn sí i bí ilẹ̀ bá ṣe ń sún mọ́ àtimọ́. Nígbà tí a bá wà nínú ìpín yìí, ara kì í lè ṣe ìtọ́jú ooru rẹ̀ bí ó ti yẹ: òógùn á dínkù, ara kì í sì í gbọ̀n bí òtútù bá mú un. Nítorí náà, bí yàrá bá gbóná jù tàbí tí ó tutù jù, ara kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó jí ẹni tí ó ń sùn lọ. Yàrá tí a fẹ́ gbọ́dọ̀ dára títí di ìdájí, kì í ṣe ní ìgbà tí a kọ́kọ́ fi orí lélẹ̀ nìkan.

Iye tí yàrá yẹ kí ó jẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Àwọn ará ìlú olótùútù bí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà máa ń sọ pé 16°C sí 19°C ni ó dára jù. Òótọ́ ni fún wọn, nítorí pé abẹ́ aṣọ ìbora tí ó nípọn ni wọ́n ń sùn, ara wọn sì ti mọ́ òtútù. Kò sí ìdí tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ará Ọ̀yọ́ fi gbọ́dọ̀ máa lé iye náà kiri, kí ó sì máa fi owó iná ṣòfò lé e lórí. Ara tí ó ti mọ́ ilẹ̀ wa máa ń sùn dáadáa ní 24°C sí 27°C bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ díẹ̀ tí aṣọ ara sì fúyẹ́. Bí yàrá bá ti kọjá 29°C láìsí afẹ́fẹ́ tí ń lọ tí ń bọ̀, ìgbà náà ni ìyọnu ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa.

Ẹ ra tẹmómítà ògiri kan, èyí tí ó tún ń fi ọ̀rinrin hàn bí ẹ bá rí i, nítorí pé kì í wọ́nwó. Ẹ má gbé e sí ara ògiri tí oòrùn ń pa, ẹ má sì gbé e sí iwájú fáànù; ibi tí orí yín ń wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ gbé e sí. Iye tí fóònù ń fi hàn yín kì í ṣe ti yàrá yín, ti ojú ọjọ́ ìlú ni. Ẹ kọ ohun tí tẹmómítà sọ sílẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, aago mẹ́wàá alẹ́ àti aago márùn-ún ìdájí fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Bí ti aago mẹ́wàá alẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti aago mẹ́ta ọ̀sán, ògiri àti òrùlé ni ọ̀tá yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ti lọ sílẹ̀ dáadáa síbẹ̀ tí ẹ kò rí oorun sùn, ẹ wo ohun tí ẹ ń sùn lé àti ohun tí ẹ ń wọ̀ sùn.

Òrùlé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀

Páànù tí oòrùn ọ̀sán bá lù máa ń gbóná débi tí ọwọ́ kò fi lè gbà á, ooru náà á sì máa ràn sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iná ààrò ṣe ń ràn sí ojú ẹni tí ó jókòó tì í. Yàrá tí kò ní àjà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sílìn, yóò gbóná ju ìta lọ ní ọ̀sán, kò sí fáànù kan tí ó lè gbà á lọ́wọ́ èyí. Bí ẹ bá ní owó fún àtúnṣe ẹyọ kan péré nínú ilé yín, mo gbà yín níyànjú pé sílìn ni kí ẹ fi ṣe, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ohunkóhun mìíràn. Kí káfíńtà sì rántí láti fi ihò atẹ́gùn sílẹ̀ ní abẹ́ etí òrùlé ní ọ̀nà méjì tí ó dojú kọ ara wọn, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó wà láàárín páànù àti sílìn lè rí ọ̀nà jáde. Kí ó fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ihò náà nítorí eku àti àdán.

Páànù tí ó ti pupa nítorí ìpẹtà ń gba oòrùn mọ́ra ju tuntun lọ. Bí a bá kùn ún ní ọ̀dà funfun tí a ṣe fún òrùlé, yóò dá púpọ̀ nínú oòrùn náà padà sójú ọ̀run, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì máa ń hàn ní ọ̀sán ọjọ́ tí a bá parí rẹ̀. Àwọn bàbá wa kò nílò èyí, nítorí pé koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ilé, tí a sì fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́ pàápàá láyé àtijọ́, kì í jẹ́ kí ooru wọlé, ògiri amọ̀ wọn sì nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í tètè là á kọjá. Èmi kò sọ pé kí a padà sí ilé oníkoríko, nítorí iná àti òjò. Mo kàn fẹ́ kí a mọ ohun tí a pàdánù nígbà tí a gba páànù àti búlọ́ọ̀kù tín-ín-rín, kí a lè fi nǹkan mìíràn dí i.

Ògiri tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni ó burú jù, nítorí pé òun ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń lù títí di aago mẹ́fà, tí kò sì ní rí àkókò tutù kí a tó sùn. Bí ilé yín bá ní yàrá méjì, ẹ sùn sí èyí tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì fi èyí tó kù ṣe ibi ìkẹ́rù-sí. Igi ni ó ń gba ògiri bẹ́ẹ̀ là ju ohunkóhun lọ. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí èso rẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ ní oṣù kẹta níye lórí fún ẹni tí ó ń gbé abẹ́ páànù. Dóńgóyárò náà dára, ó sì tètè ń dàgbà. Kí ẹ má ṣe gbìn ín sún mọ́ ilé jù, nítorí bí ìjì tí ó máa ń ṣíwájú òjò àkọ́rọ̀ bá fẹ́ wó igi, kì í ro ti òrùlé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ní àyè fún igi lè ta ẹní tàbí aṣọ tí ó nípọn sí ìta fèrèsé ìwọ̀-oòrùn náà. Mo ní ìta, nítorí pé kọ́tìnì inú yàrá ń dá ìmọ́lẹ̀ dúró ni, ooru ti gba gíláàsì wọlé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tí a ń ṣí fèrèsé àti ìgbà tí a ń tì í

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán, tí wọ́n á sì tì í ní aago méje alẹ́ nítorí ẹ̀fọn àti olè. Òdìkejì ohun tí yàrá ń fẹ́ nìyẹn ní ìgbà ooru. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ooru ìta lè tó 35°C ní ọ̀sán oṣù kẹta, kí ó sì lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 23°C ní ìdájí, nítorí pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni a wà, a kò sún mọ́ òkun bí ará Èkó. Afẹ́fẹ́ tútù ọ̀fẹ́ ni èyí. Bí ilé yín bá ní sílìn, ẹ ti fèrèsé àti kọ́tìnì láti nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, kí ẹ sì ṣí gbogbo rẹ̀ nígbà tí ìta bá ti tutù ju inú lọ. Bí kò bá ní sílìn, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí lọ́sàn-án, nítorí pé inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ gbóná ju ìta lọ. Ẹni tí kò ní tẹmómítà lè dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, kí ó fi ojú gba atẹ́gùn ìta, kí ó sì padà sínú yàrá. Awọ ojú yóò sọ òótọ́ fún un.

Kí èyí lè ṣeé ṣe láìséwu, irin ojú fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìbà kò ṣeé fi pààrọ̀ ìtura. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì náà nígbà tí ọyẹ́ bá parí. Eruku ọyẹ́ máa ń di ojú ihò rẹ̀ pa débi pé afẹ́fẹ́ kì í lè gbà á kọjá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bínú sí fèrèsé wọn láìmọ̀ pé omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni ó ń fẹ́. Ẹ fọ apá fáànù tí ń yí náà pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò gbà jáde kí ó tó lè wọlé. Fèrèsé ẹyọ kan kò tó, ẹ ṣí èkejì tàbí kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn inú ilé díẹ̀.

Fáànù kì í mú yàrá tutù. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gbá ooru kúrò lára awọ, ó sì ń jẹ́ kí òógùn gbẹ, nítorí náà fáànù tí ń yí nínú yàrá tí kò sí ènìyàn ń jẹ iná lásán ni. Ọ̀nà tí mo rí pé ó dára jù láti lò ó ni pé kí a gbé fáànù onídùúró síwájú fèrèsé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ó kọ ẹ̀yìn sí ìta, kí ó máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé fún wákàtí kan, kí a tó yí i sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá ń sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ mọ̀ pé àwọ̀n náà ń dín agbára fáànù kù, ẹ gbé e sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má sì torí ooru yọ àwọ̀n kúrò lórí ọmọdé tàbí aboyún. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù lè gbé e sí 26°C kí ó sì tan fáànù pẹ̀lú rẹ̀. Yóò tù ú lára bí ìgbà tí ó gbé e sí iye tí ó kéré sí i láìsí fáànù, owó iná yóò sì dínkù.

Iná ìjọba kì í sábà bá wa di ilẹ̀ mọ́, èyí ni ó fà á tí mo fi ń tẹnu mọ́ iṣẹ́ ọ̀sán. Bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀, kí ó wà ní ìta gbangba, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé èyíkéyìí, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé tiyín àti ti aládùúgbò.

Bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti ara fúnra rẹ̀

Fóòmù tí a fi ń sùn ń di ooru mú, pàápàá èyí tí ó ti gbó tí ara ń rì sínú rẹ̀, nítorí pé ìdajì ara ni kò rí afẹ́fẹ́. Ẹ tẹ́ ẹní lé e lórí ní oṣù ooru, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ẹní. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì oníke tí ń dán, tí a ń tà ní ẹ̀dínwó, kì í fa òógùn mu. Ẹni tí ó bá sùn sílẹ̀ lórí ẹní máa ń rí ìtura jù, nítorí pé sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ń gba ooru lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ sì tutù ju ti òkè lọ. Bí ọmọ mẹ́ta bá ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ara kọ̀ọ̀kan ń mú ooru wá fún èkejì.

Ẹ wẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó sùn, kí omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé omi tútù kọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n omi tútù nini máa ń mú kí iṣan abẹ́ awọ fún pọ̀, ooru á sì há sínú, nígbà tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ń fẹ̀ ẹ́ kí ooru lè jáde. Oúnjẹ tí ó wúwo, bí ọkà tí a jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ń fi kún ooru tí ara ń dá sílẹ̀ bí ó ti ń lọ̀ ọ́. Ẹ jẹ ẹ́ ní aago méje.

Fún ọmọ ọwọ́, ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ díwọ̀n, nítorí pé wọ́n máa ń tutù láìsí ewu. Ẹ fọwọ́ kan àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó rin fún òógùn, ẹ bọ́ fìlà àti aṣọ kan kúrò. Orí ni ọmọ ọwọ́ ti ń tú púpọ̀ nínú ooru rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà fìlà onírun nínú ilé ní oṣù kẹta kò ṣe é lóore. Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ sùn, kí ẹ má sì fi ìrọ̀rí sí i lórí. Àwọn àgbàlagbà kì í tètè mọ ooru tàbí òǹgbẹ lára. Kí omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí àgbàlagbà bá ń sọ̀rọ̀ tí kò yé ènìyàn ní alẹ́ ooru, tí ara rẹ̀ sì gbóná gan-an, ẹ fi omi tutù nu ara rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́

Láti oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, ìṣòro náà yí padà. Ọ̀sán ṣì ń gbóná, ṣùgbọ́n ìdájí lè lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 18°C tàbí kí ó tilẹ̀ tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní àkókò tí ooru inú ara ti wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ sùn pẹ̀lú aṣọ fífúyẹ́, kí ẹ sì ká aṣọ ìbora sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kí ọwọ́ lè tó o láìjí tán. Ìbọ̀sẹ̀ ń ran ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù lọ́wọ́ láti tètè sùn. Ohun kan wà tí n kò ní ṣàì sọ: ẹ má gbé ìdáná èédú wọ yàrá láé kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn nítorí òtútù. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde láti ara èédú kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tí ó bá ń sùn kì í sì í mọ̀ pé ó ń pa òun.

Bí ẹ bá ń wá yàrá tí ẹ fẹ́ háyà, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún ní agbègbè Under G àti Adénikẹ̀ẹ́, aago mẹ́ta ọ̀sán ni kí ẹ lọ wò ó, ẹ má lọ ní òwúrọ̀. Ẹ wo òkè bóyá sílìn wà níbẹ̀, ẹ wo ìhà tí fèrèsé kọjú sí, ẹ bi ara yín bóyá afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀nà kan wọlé kí ó sì gba òmíràn jáde. Fèrèsé tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń ṣí ìdajì péré. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri ìwọ̀-oòrùn kí ẹ kà dé ogún, kí ẹ tó bá onílé sọ̀rọ̀ owó.